Ẹ Yí Páálí Yẹn Padà Kí Ẹ Tó Sanwó

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ń tà n'Íbàdàn kò tóbi, àmọ́ ohun jíjẹ inú páálí, agolo àti náílọ́ọ̀nù kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Ọjà Agbeni la ti ń kó wọn. Bí mo ṣe ń dúró lẹ́yìn káńtà lójoojúmọ́, mo ti rí i pé iwájú páálí ni ojú oníbàárà máa ń wà. Àwòrán ọsàn tí wọ́n là sí méjì ni wọ́n ń wò, tàbí ti ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, tàbí ti ife wàrà tó ń ru gùdù. Wọ́n á béèrè iye tó jẹ́, wọ́n á sanwó, ó parí. Ẹ̀yìn páálí, níbi tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú ọjà náà sí, ọ̀pọ̀ ò débẹ̀ rí tí wọ́n á fi jẹ ẹ́ tán, tí wọ́n á sì ju páálí nù.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó ló wà níwájú. Ẹni tó ṣe ọjà fẹ́ kí ẹ rà á, kò sì sí aburú níbẹ̀, èmi náà ọlọ́jà ni mí. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí a jọ kà lónìí, pàápàá ẹ̀yin tí dókítà ti ní kí ẹ dín iyọ̀ kù tàbí kí ẹ ṣọ́ra fún ṣúgà. Ẹ̀yin lẹ ń rajà lọ́wọ́ mi tí ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá ti rí ohun tí ẹ ń kó sínú báàgì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kúrò nílẹ̀. Àwọn tó bá tiẹ̀ ń yẹ nǹkan wò nínú àwọn oníbàárà mi, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa ń wá, àti ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni pé wọ́n ti yẹ ọjà yìí wò, wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n sì mọ ẹni tó ṣe é. Kò sọ pé ó bá ara ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà mu. Iyọ̀ ní nọ́ńbà, mínírà ní nọ́ńbà, ṣúgà fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà. Bàbá kan tí mo fẹ́ràn gan-an, tó máa ń ra málítì, sọ fún mi pé, "Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, NAFDAC ti fọwọ́ sí i, kí ló tún kù?" Ohun tó kù pọ̀, bàbá.

Ibi tí mo máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ wò ni ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ingredients, ìyẹn àwọn ohun tí wọ́n fi ṣe ọjà náà. Òfin ni pé èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n pò pọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ṣáájú, kí èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ṣìkejì wá tẹ̀ lé e, títí dé orí èyí tó kéré jù. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìṣirò rárá lè fi òfin kan yìí rajà títí ayé. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ohun mímu ọlọ́sàn tí wọ́n ya ọsàn sí lára, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: omi, ṣúgà, lẹ́yìn náà ni orange concentrate, ìyẹn omi ọsàn tí wọ́n ti sọ di kíki, á tó wá yọjú, kí ó tó kan adùn àtọwọ́dá àti àwọ̀. Ṣúgà ló ṣáájú ọsàn. Bí páálí mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ pé ọsàn ló ṣáájú tí kò sì sí ṣúgà nínú ìlà náà, ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, bí àwòrán iwájú wọn tilẹ̀ jọra.

Ẹ kíyè sí i pé ṣúgà máa ń jẹ́ orúkọ púpọ̀. Sucrose, glucose syrup, dextrose, fructose, invert sugar, títí kan oyin: ṣúgà ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá lo mẹ́ta nínú wọn, tí wọ́n pín in sí díẹ̀díẹ̀, kò sí èyí tó máa ṣáájú nínú ìlà náà, àmọ́ tí a bá kó wọn pọ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ju ìyẹ̀fun lọ. Nínú bisikíìtì ni mo ti máa ń rí i jù.

Ti mílíìkì alágolo ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lórí àtẹ wa, bí ẹ bá yí i padà, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ evaporated filled milk sí i lára ní lẹ́tà kékeré. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti yọ ọ̀rá màlúù kúrò nínú wàrà náà, wọ́n sì fi òróró ewéko, tó sábà máa ń jẹ́ òróró ọ̀pẹ, dí àlàfo rẹ̀. Ẹ wo ìlà Ingredients, ẹ ó rí vegetable fat tàbí vegetable oil níbẹ̀ kedere. Kì í ṣe májèlé, mo ń tà á, àwa náà ń fi mu tíì nílé, òun ló sì jẹ́ kí owó agolo wàrà ṣì ṣeé san. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń rà á fún ọmọ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń rà. Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni kí ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ máa fi omi pò ó sínú fídà. Ẹ ka agolo yẹn dáadáa: wọ́n kọ ọ́ sí ọ̀pọ̀ wọn pé kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Mo máa ń fi ìka tọ́ka sí i fún wọn kí n tó gbowó.

Ó wá kan àtẹ tó ní ìlà, èyí tí wọ́n kọ Nutrition Information tàbí Nutrition Facts sí lórí, níbi tí wọ́n ti ń sọ iye ṣúgà, ọ̀rá àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ọjà. Kí ẹ tó wo nọ́ńbà kankan nínú rẹ̀, ẹ wo òkè rẹ̀: ìwọ̀n mélòó ni wọ́n ń ṣírò fún? Àwọn kan á kọ per 100 g, tó bá sì jẹ́ ohun mímu, per 100 ml. Àwọn kan á kọ per serving, ìyẹn iye tí wọ́n rò pé ẹnì kan máa jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ṣe ọjà ló sábà ń yan serving yìí fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń ṣì í kà. Bisikíìtì kan wà lórí àtẹ mi tí páálí rẹ̀ kéré débi pé ọmọ iléèwé kan á jẹ ẹ́ tán kó tó dé ìyànà. Serving tí wọ́n kọ sí i jẹ́ bisikíìtì mẹ́ta, mẹ́sàn-án ló sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, kálórì o, ṣúgà o, ọ̀rá o, ẹ ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta kí ẹ tó mọ ohun tí ọmọ yẹn jẹ. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ fi ọjà kan wé èkejì, ìlà 100 g ni kí ẹ lò, torí ó dọ́gba fún gbogbo wọn. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tó wọlé sí yín nínú, ìwọ̀n gbogbo páálí ni kí ẹ fi ṣírò.

Kálórì kò gba àlàyé púpọ̀. Agbára tí oúnjẹ ń fún ara ni, ọ̀rá sì ló ní i jù: 9 nínú gíráàmù kan, nígbà tí ṣúgà àti protein ní 4.

Iyọ̀ ni mo fẹ́ jókòó tì. Ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ mi, àwọn tí mo mọ̀ tí ẹ̀gbà ti dá dùbúlẹ̀ kò sì kéré. Wọ́n ti sọ fún gbogbo wọn ní ọsibítù pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Iyọ̀ inú ike, èyí tí à ń fi ṣíbí bù, ni wọ́n rò pé wọ́n ń bá wọn sọ, wọ́n sì dín ìyẹn kù lóòótọ́. Màmá kan ládùúgbò wa ti jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ọmọ mi, èmi ò fọwọ́ kan iyọ̀ mọ́ o. Bá mi mú máàgì páálí kan."

Ẹ mú máàgì, èyíkéyìí tí ẹ bá ń lò, kí ẹ wo ìlà Ingredients rẹ̀. Salt ló sábà máa ń wà níwájú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, iyọ̀ tó ìdajì ìwọ̀n máàgì náà, nínú òmíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Máàgì kan tó wọn 4 gíráàmù á ní bíi 2 gíráàmù iyọ̀ nínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó 5 gíráàmù lóòjọ́, ṣíbí tíì kan péré nìyẹn, gbogbo ohun tó bá sì jẹ láti àárọ̀ di alẹ́ ló wà nínú rẹ̀, búrẹ́dì àti sàdíìnì kò gbẹ́yìn. Tí màmá bá ju máàgì mẹ́fà sínú ìkòkò ọbẹ̀, iyọ̀ bíi 12 gíráàmù ló wọ ìkòkò yẹn láìtíì fọwọ́ kan ike. Bí èèyàn mẹ́rin bá jẹ ọbẹ̀ náà tán lọ́jọ́ kan, 3 gíráàmù ti wọ ara ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Ohun tó tún ń dí wa lójú ni pé nínú àtẹ onílà yẹn, wọn kì í sábà kọ salt. Sodium ni wọ́n ń kọ, ní mílígíráàmù, ẹni tó bá ń wá salt á ní kò sí i. Inú iyọ̀ ni sodium wà: tí iyọ̀ bá jẹ́ 5 gíráàmù, sodium inú rẹ̀ á jẹ́ bíi 2 gíráàmù, ìyẹn 2,000 mg. Iye sodium tí ẹ bá rí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, ẹ ti rí iyọ̀ nìyẹn.

Nọ́dúùsì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá mi tajà. Ọ̀kan wà níwájú mi báyìí tí mo ń kọ èyí. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 70 gíráàmù, wọ́n sì kọ ọ́ pé nínú 100 gíráàmù, sodium jẹ́ 1,300 mg. Ẹ fi 70 ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí 910 mg nínú ẹyọ kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, ó di bíi 2.3 gíráàmù iyọ̀. Ẹyọ kan kì í yó ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa mọ́, méjì ni wọ́n ń sè. Méjì jẹ́ 4.6 gíráàmù, ó ku díẹ̀ kó tó iye tí wọ́n ní kí àgbàlagbà má dé ní odindi ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ àárọ̀ ọmọdé nìyẹn, ti ọmọdé sì yẹ kó kéré sí ti àgbà. Inú sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n ń dà sí i ni ọ̀pọ̀ iyọ̀ náà wà. Ẹ da ìdajì rẹ̀ sí i, kí ẹ fi ata, àlùbọ́sà, ewébẹ̀ àti ẹyin kún un, ọmọ á sì jẹ ẹ́. Àwọn tèmi jẹ ẹ́.

Ti ṣúgà rọrùn ju ti iyọ̀ lọ, torí ìṣirò kan ṣoṣo ni. Ṣíbí tíì kan jẹ́ bíi 4 gíráàmù ṣúgà. Málítì agolo 33 cl, ìyẹn 330 ml, tí bàbá yẹn ń rà, wọ́n kọ sí i pé 100 ml ní 11 gíráàmù. Gbogbo agolo jẹ́ bíi 36 gíráàmù, ṣíbí mẹ́sàn-án nìyẹn. Mo bi bàbá pé ṣé ó lè bu ṣíbí ṣúgà mẹ́sàn-án sínú ife tíì kan? Ó ní láéláé. WHO ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ má kọjá ìdá mẹ́wàá agbára tí èèyàn ń rí jẹ lóòjọ́. Fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì, bíi 50 gíráàmù nìyẹn, wọ́n sì ní yóò tún sàn jù tó bá lè wà ní 25. Agolo kan ti kọjá 25. Bí ẹ bá rí i pé carbohydrate (ṣúgà àti sítáàṣì lápapọ̀) nìkan ni wọ́n kọ, tí wọn ò ya ṣúgà sọ́tọ̀, ẹ má sọ̀rètí nù: nínú mínírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ṣúgà ni gbogbo carbohydrate yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà síwájú páálí díẹ̀. "No cholesterol", pé kò sí irú ọ̀rá tó lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń kọ sí ike òróró ń jẹ́ kí àwọn èèyàn san owó tó pọ̀ sí i. Kò sí òróró ewéko kankan tí cholesterol pọ̀ nínú rẹ̀, ara ẹran àti ohun tó ti ara ẹran wá ni a ti ń rí i. Òróró ẹ̀pà tí wọ́n ń wọ̀n nínú ìgò lọ́jà náà wà bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ wò nínú òróró àti bọ́tà ni saturated fat àti trans fat, oríṣi ọ̀rá méjì tó lè ṣe ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ní jàǹbá. Lórí trans fat, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ NAFDAC: nínú ìlànà wọn ti ọdún 2022 lórí ọ̀rá àti òróró, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju 2 gíráàmù lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá. Bí ẹ bá rí partially hydrogenated nínú Ingredients, ìyẹn òróró tí wọ́n ti sọ di líle díẹ̀, tí trans fat ti ń wá, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ohun rere kan náà wà níwájú tí mo fẹ́ kí ẹ máa wá: àwòrán ojú kékeré tó wà lára ṣúgà, ìyẹ̀fun àti òróró. Ó fi hàn pé wọ́n fi fítámì A sí i.

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní London máa ń ya fọ́tò ohun tó bá rà ránṣẹ́ sí mi, torí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn àti máa kà á. Lọ́dọ̀ wọn, iwájú ọ̀pọ̀ páálí ni wọ́n ń kọ ọ̀rá, ṣúgà àti iyọ̀ sí, pẹ̀lú àwọ̀ ewé, òféèfèé tàbí pupa, bí iná ojú títì. Tí iyọ̀ bá ju 1.5 gíráàmù lọ nínú 100 gíráàmù, pupa ni. Nọ́dúùsì mi yẹn, tó jẹ́ 3.25, á pupa fòò. Ní Brazil, láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán awò ìmúǹkantóbi dúdú sí iwájú ọjà tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí saturated fat bá pọ̀ nínú rẹ̀. Chile ti ń fi àmì dúdú onígun mẹ́jọ sí tiwọn láti 2016. Màmá tí kò lọ sílé ìwé rí lè ka àwọ̀ pupa. Kò lè ka "sodium 1,300 mg" ní lẹ́tà tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ń fi Yorùbá polówó lórí rédíò, wọ́n ń kọrin sí i, wọ́n ń ki àwọn ìyá ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Tó bá wá di ohun tó wà nínú ọjà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń ṣẹ́ kù. Inú ń bí mi sí i, mi ò ní fi pamọ́. Ara àwọn èèyàn tí wọ́n ń kọrin fún yẹn ni ọjà náà ń wọ̀.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni ṣe òfin náà fún wa, ẹ lo fóònù. Ẹ ya ẹ̀yìn páálí ní fọ́tò, kí ẹ fi ìka fẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tó ń bá ìyá yín ra nǹkan, ẹ kà á fún wọn ní Yorùbá kí ẹ tó gbé e délé.

Ohun tí èmi ṣe ní tèmi ni pé mo gé páálí ògbólógbòó sí pélébé, mo fi máàkà kọ nǹkan sí i, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ àtẹ lábẹ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. "Nọ́dúùsì kékeré: iyọ̀ 2.3." "Málítì: ṣúgà ṣíbí 9." "Máàgì ẹyọ kan: iyọ̀ bíi 2. Ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ tó 5." Ọmọkùnrin tó ń já ọjà fún wa bi mí bóyá n ò ní fi lé oníbàárà lọ. Kò lé ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni wọ́n ń dúró kà á, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn. Màmá wa ń ra máàgì ní ẹyọ-ẹyọ báyìí, ó sì ní kí n máa bá òun wá irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí. Bàbá onímálítì ń mu ìdajì, ó ń fi ìyókù fún ìyàwó rẹ̀, a ṣì ń bá ìyẹn sọ̀rọ̀.

Búrẹ́dì ni mi ò tíì rí nǹkan kọ sí lábẹ́. Èyí tí wọ́n ń yan ládùúgbò wa, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ló wà lára náílọ́ọ̀nù rẹ̀, kò sí àtẹ onílà kankan. Mo ti bi ọ̀gá tó ń yan án pé ìwọ̀n iyọ̀ àti ṣúgà mélòó ló ń pò mọ́ àpò ìyẹ̀fun kan, àti pé búrẹ́dì mélòó ló ń jáde nínú àpò yẹn. Ó ní kóńgò lòun fi ń bù ú, òun ò wọ̀n ọ́n rí, àmọ́ òun á gbé e sórí ìwọ̀n fún mi ní ọjọ́ Sátidé. Tó bá ti wọ̀n ọ́n, màá kọ tiẹ̀ náà sórí páálí.